Orúkọ Ọjà àti Ìrántí Olùrà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ní gbogbo ọ̀rúndún kọkàndínlógún, inú àgbá ni epo pupa ti ń fi àwọn èbúté Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ lọ sí Liverpool. Láti Bonny, láti Calabar, láti Àgbádárìgì àti láti Èkó ni àwọn àgbá wọ̀nyí ti ń jáde. Oníṣòwò lè fi ọ̀dà kọ àmì tirẹ̀ sára àgbá, ṣùgbọ́n àmì náà kò kọjá èbúté tó gúnlẹ̀ sí. Ẹni tó gun ọ̀pẹ tó gé ìdì ẹyìn, obìnrin tó sè é tó sì fún epo rẹ̀, ìlú tí wọ́n ti rù ú wá, gbogbo wọn ló parẹ́ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: epo. Kò sí ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rántí orúkọ wọn, nítorí kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún wọn. Nígbà tó ṣe, irú òróró bẹ́ẹ̀ padà wá sí èbúté tó ti jáde. Ó ti di ọṣẹ, ó ti wọ aṣọ bébà, ó sì ti ní orúkọ tí ọmọdé lè pè. Sunlight ni wọ́n ń pè é.

William Hesketh Lever ló fún un lórúkọ náà. Ọmọ oníṣòwò ohun jíjẹ ni ní ìlú Bolton. Kí ó tó dé ìdí iṣẹ́ yìí, ìtì gígùn ni ọṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọlọ́jà a gé e, a gbé e sórí òṣùwọ̀n, olùrà a sì gbé tirẹ̀ lọ. Ọṣẹ ni ènìyàn ń béèrè, ọwọ́ ọlọ́jà ló sì kù sí láti mú èyí tó bá wù ú fún un. Ní 1884, Lever tọ ọkùnrin kan lọ ní Liverpool tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ìforúkọsílẹ̀ àmì ọjà, pé kí ó bá òun wá orúkọ. Ọkùnrin náà kọ orúkọ mélòó kan sórí bébà fún un. Lever wò wọ́n, kò sí èyí tó wù ú níbẹ̀. Ó di ọjọ́ mélòó kan kí ọkàn rẹ̀ tó padà sórí ọ̀kan nínú wọn, èyí tó túmọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ẹ̀rù sì bà á pé kí ẹlòmíràn má tètè gbà á mọ́ òun lọ́wọ́. Ó lọ fi orúkọ náà sílẹ̀. Ó gé ọṣẹ náà sí wẹ́wẹ́ tó dọ́gba, ó tẹ orúkọ sí i lára, ó fi bébà wé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó rẹpẹtẹ lórí ìkéde. Láti ìgbà náà, olùrà kò wá ọṣẹ mọ́; Sunlight ló ń wá. Bí ọlọ́jà bá gbé òmíràn síwájú rẹ̀, ó lè kọ̀ ọ́. Agbára yíyàn ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ni orúkọ. Kò sí ohun tí ìpolówó ń ṣe tó ju èyí lọ: ó ń fi orúkọ kan sẹ́nu olùrà kí ó tó kúrò nílé.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Lever yóò fi ra Niger Company ní 1920, tí ó sì dá ilé-iṣẹ́ ọṣẹ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1923, ọwọ́ kan náà ló ń ra èkùrọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ń ta ọṣẹ fún un. Àgbẹ̀ mọ orúkọ ọṣẹ. Ẹni tó ń fọ ọṣẹ ní Manchester kò mọ orúkọ àgbẹ̀.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí rò pé òyìnbó ló kọ́ ilẹ̀ yìí ní ìpolówó. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti sọ ìtàn ara rẹ̀, nítorí pé pípe olówó wá sí ìdí ọjà ni. Ohùn ẹlẹ́kọ àti ohùn aláàkàrà ti ń jí àwọn ìlú kí bébà tó dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọjà ilẹ̀ yìí kò wà láìlórúkọ. Orúkọ ìlú ni wọ́n ń jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gàrí tó kan dáadáa yóò béèrè ti Ìjẹ̀bú. Aṣọ Akwẹte ń fi orúkọ ìlú rẹ̀ rìn jákèjádò ilẹ̀ Ìgbò títí dé ẹsẹ̀ odò. Ohun èlò idẹ Bídà, aṣọ aró Kánò, aṣọ Okene, gbogbo wọn ni ènìyàn mọ̀ kí ó tó rí wọn. Obì gbànja pàápàá, ilẹ̀ Gonja tó wà ní Gánà òde òní ni a gbà pé orúkọ rẹ̀ ti wá, ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àwọn oníṣòwò Haúsá ló sì gùn wá. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé orúkọ ìlú kì í ṣe ti ẹnì kan. Gbogbo ẹni tó ń din gàrí ní Ìjẹ̀bú ló jọ ń jẹ èrè orúkọ náà. Bí ọ̀kan bá sì ba gàrí rẹ̀ jẹ́, gbogbo wọn ni yóò jọ gbà á lórí. Àmì ọjà tí òfin òyìnbó mú wá yọ orúkọ kúrò lọ́wọ́ ìlú, ó sì fi í fún ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tó lè mú ẹlòmíràn lọ sí ilé-ẹjọ́ lé e lórí.

Àwọn oníṣòwò àkọ́kọ́ tètè rí i pé ẹni tí wọn yóò ta ọjà fún kò lè kàwé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gbàgbé nǹkan. Nítorí náà àwòrán ni wọ́n gbé síwájú. Ìgbà tí òfin ìforúkọsílẹ̀ àmì ọjà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìíní ọdún 1876, àmì tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sínú ìwé ni ti ọtí Bass, igun mẹ́ta pupa kan tí ojú ọ̀mùtí pàápàá kò lè ṣì mú. Ilé-iṣẹ́ J. H. Henkes tó ń pọn ọtí schnapps ní Delfshaven ní ilẹ̀ Hólàńdì fi ẹyẹ àkọ̀ ṣe àmì tirẹ̀. Ìgò aláwọ̀ ewé onígun mẹ́rin tó ń jẹ́ ti irú ọtí yìí wọ ààfin, ó wọ ibi ìsìnkú àti ibi ìfẹ́yàwó láti ilẹ̀ Gánà dé ẹnu odò Niger, títí ó fi di pé àwọn ènìyàn ń fi ọtí ilẹ̀ àjèjì bọ ohun tí baba ńlá wọn fi sílẹ̀. Àwòrán lára ìgò àti bí ìgò ṣe rí kò wà fún ẹ̀ṣọ́ lásán. Òun ni ìwé tí olùrà ń kà. Nígbà tí wọ́n pọn ọtí bíà àkọ́kọ́ ní Èkó ní 1949, ìràwọ̀ kan ni wọ́n fi sí i, Star ni wọ́n sì pè é. Ẹni tí kò mọ lẹ́tà kan nínú mẹ́rin náà mọ ìràwọ̀.

Ojú nìkan kò tó, ó gbọ́dọ̀ rí nǹkan náà léraléra. Olùkọ́ tó ti jókòó ti àwọn ọmọdé pẹ̀lú ìsọdipúpọ̀ mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní 1885, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus tẹ ìwé jáde nípa ìrántí. Ó ti kọ́ àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó sì ń ka iye ìgbà tó ní láti tún wọn kà kí wọ́n tó dúró, ó sì rí i pé ohun tí ènìyàn pín kíkọ́ rẹ̀ sí ọjọ́ púpọ̀ ń pẹ́ lọ́kàn ju ohun tó kó jọ kọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ. Àwọn onípolówó kò jẹ́ kí ìmọ̀ yìí kọjá wọn. Ní 1959, Hubert Zielske tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde ní Amẹ́ríkà. Ìpolówó mẹ́tàlá ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin. Àwọn kan ń gbà á ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn mìíràn ń gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin títí ọdún fi yí po. Nígbà tí ìkẹtàlá dé ọwọ́ àwọn ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, 63 nínú ọgọ́rùn-ún ló rántí ọjà náà, ṣùgbọ́n bí ìpolówó ti dáwọ́ dúró ni ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀, ó sì yá ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Àwọn ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin kò ju 48 lọ ní òpin ọdún, àmọ́ ìrántí tiwọn ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ni ní gbogbo ọdún náà.

Ohun tí ilẹ̀ yìí fi ń tún orúkọ ọjà sọ pọ̀ sí i pẹ̀lú ọdún. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 gbé ìkéde ọkọ̀ òkun àti ẹrù jáde fún ìwọ̀nba ènìyàn tó lè kà á. Daily Times dé ní 1926. Ní 1928 ni West African Publicity bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ tí kò ní òwò mìíràn ju ìpolówó lọ, tí ó sì so mọ́ àwọn tó di United Africa Company ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì wọ Èkó ní 1935. Afromedia tó ń gbé pátákó sí ẹ̀bá títì bẹ̀rẹ̀ ní 1959, ọdún kan náà tí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn kọ́kọ́ tàn. Nínú gbogbo wọn, ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì ló ṣe é jù, nítorí òun ló dá ọjà padà sí etí, níbi tí ẹlẹ́kọ ti ń pè é tẹ́lẹ̀. Orin kúkúrú tí ọmọdé gbọ́ lórí rẹ̀ lówùúrọ̀ ni yóò máa kọ lọ́nà ilé-ẹ̀kọ́, kò sì sí ẹni tó ń san kọ́bọ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n olùrà kì í ṣe àwo tí wọ́n kàn ń bu nǹkan sí. Ní Lomé, ní ilẹ̀ Tógò, àwọn obìnrin tó ń ta aṣọ àǹkárá fi èyí han àwọn ará Hólàńdì. Ilé-iṣẹ́ Vlisco ti ìlú Helmond, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1846, ń fi nọ́ńbà dá àwọn àwòrán aṣọ rẹ̀ mọ̀ ni. Ta ni yóò rántí nọ́ńbà? Àwọn ìyálọ́jà wò aṣọ náà, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ. Èyí tó ní àwòrán púlọ́ọ̀gì mẹ́fà di aṣọ obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ tó ọkọ̀ ńlá. Òmíràn ń yin ọkọ tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́, èkejì rẹ̀ sì ń bú orogún. Aṣọ tí kò bá rí orúkọ, kì í tètè rí owó. Owó tí wọ́n rí nídìí rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n ń gun Mercedes, ìlú sì ń pè wọ́n ní Nana Benz. Bẹ́ẹ̀ ni àmì ọjà àwọn ará Jámánì ṣe di oyè fún obìnrin Tógò. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ilé tí àwọn obìnrin wọ̀nyí sì ń wò ni ilé àwọn oníbàárà wọn. Onípolówó Helmond kò lè mọ ohun tó ń jà ní ilé olórogún ní Kumasi tàbí ní Onitsha.

Orúkọ tún lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín nígbà tí ìpolówó bá ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Kò sí èyí tó fi í hàn ju Omo lọ. Wọ́n ti fi orúkọ yìí sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1908, pípẹ́ kí ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ yìí ní àwọn ọdún 1960. Kò sí ahọ́n tó lè kọ̀ ọ́, ti Haúsá ni, ti Ìgbò ni, ti Ẹdó ni. Ní etí Yorùbá, ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ràn jù láyé. Kò pẹ́ tí gbogbo ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú fi di omo. Obìnrin a wọ inú ṣọ́ọ̀bù, a ní òun fẹ́ omo, ọlọ́jà a gbé ti ẹlòmíràn fún un, a sì gbà á láìjiyàn. Ẹ wò bí nǹkan ṣe padà síbi tí Lever ti bá a ní Bolton! Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí magí nìyẹn lórí ààrò láti Dakar dé Maiduguri, òun náà ló sì ṣẹlẹ̀ sí Indomie, tó kọ́kọ́ dé Nàìjíríà ní 1988. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ sọ ní 1921 pé aspirin ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé lẹ́nu àwọn olùrà, Bayer kò sì lè gba á padà.

De Rica ló yani lẹ́nu jù nínú wọn. Tòmátì inú agolo ni. Wọ́n jẹ tòmátì tán, wọ́n fọ agolo, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọn ìrẹsì àti ẹ̀wà. Nígbà tó yá, dẹ́ríkà di òṣùwọ̀n jákèjádò ìhà gúúsù Nàìjíríà, bí kóńgò ti jẹ́ ní ibòmíràn, tí mudu sì jẹ́ ní ilẹ̀ Haúsá. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n rán lọ ra dẹ́ríkà ìrẹsì méjì lè má ti rí tòmátì náà rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ti ọ̀kadà sì rí bákan náà: ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ó sì ti kógbá sílé kí ọdún 2000 tó dé, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ti fi orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ fún alùpùpù tó ń sá eré láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kò sí owó ìpolówó kankan tó wọ ọ̀ràn náà. Ẹ̀fẹ̀ ló gbé e dúró.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ìrẹsì àti ọṣẹ, ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó bá di oògùn, kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. Ní Onitsha, ilé oògùn kan wà tó ń jẹ́ Niger Chemists, tó ti ta oògùn títí orúkọ rẹ̀ fi mọ́ àwọn ènìyàn lára, tó sì ní ẹ̀ka ní àwọn ìlú mìíràn ní Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà. Àwọn mìíràn wá ṣí tiwọn ní àdúgbò kan náà, iṣẹ́ kan náà, wọ́n sì pè é ní Nigeria Chemists. Ẹjọ́ dé iwájú Adájọ́ Palmer ní 1961, ó sì paṣẹ pé kí àwọn tó dé lẹ́yìn jáwọ́ nínú orúkọ náà, nítorí ó hàn gbangba pé etí olùrà yóò ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Ìdájọ́ náà tọ́. Ìrántí tí ìpolówó ń kọ́ kì í ṣe ìrántí akọ̀wé. Ohun tó bá sún mọ́ ọn tó, ó gbà pé òun ni.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ilé-ẹjọ́ mìíràn gba ọ̀nà tó yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ Ferodo ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ṣe ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ bíréèkì ọkọ̀, pe ilé-iṣẹ́ Ibeto lẹ́jọ́ pé páálí tó fi ń kó tirẹ̀ jọ ti òun ní àwọ̀, pupa, dúdú àti funfun. Union ni orúkọ tó wà lára ti Ibeto. Ní 2004, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá Ibeto láre: ọ̀rọ̀ náà Ferodo ni àmì tí òfin ń ṣọ́, kì í ṣe àwọ̀ páálí. Lójú òfin, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ń ṣọ́ ohun tí a kọ, olùrà sì ń rántí ohun tó rí. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì kò kéré, inú àlàfo náà gan-an sì ni ẹni tó ń ṣe ayédèrú ń jókòó sí. Kò nílò kí ó mọ oògùn pò. Àwọ̀, àwòrán àti bí lẹ́tà ṣe rí lára páálí ni gbogbo ohun tó ní láti mọ̀, ẹlòmíràn sì ti náwó kọ́ àwọn ènìyàn ní gbogbo rẹ̀ fún un.

Àbúrò Dora Akunyili kú ní 1988 lẹ́yìn tó lo ayédèrú insulin fún àìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Akunyili, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ oògùn, di ọ̀gá àgbà NAFDAC ní 2001, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2008. Ní àkókò rẹ̀, àwọn ènìyàn kọ́ láti yí páálí po wá nọ́ńbà NAFDAC. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó dúró sójú kan, ẹni tó lè tẹ páálí lè tẹ òun náà. Ní 2010, àjọ náà gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀ fún àwọn oògùn kan. Ibì kan wà lára páálí tí olùrà yóò fi èékánná họ, nọ́ńbà kan yóò yọ lábẹ́ rẹ̀, yóò fi í ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ alágbèéká, ìdáhùn yóò sì padà wá sọ fún un bóyá oògùn náà jẹ́ òtítọ́. Nọ́ńbà ara páálí kan kò jọ ti èkejì, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sì ń lò ó. Kò ní àwòrán, kò ní orin, kò sì sí ẹni tí yóò rántí rẹ̀ tó bá di ọ̀la.